Férémù Tí Kò Lórúkọ Lára

Ọdún kẹta tí ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni Ọlágòkè ra férémù kẹ̀kẹ́ ológeere kan ní Òkè-Fìà. Kì í ṣe pé ó ń wá a. Búrẹ́dì ló jáde lọ rà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tó fi rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù Kàbírù, ọkùnrin tó ń ta fìríìjì àti bẹ́ẹ̀dì tòkúnbọ̀. Wọ́n gbé férémù náà ti ògiri. Kò ní táyà, kò ní ìjókòó, kò ní ọwọ́. Egungun lásán ni. Ọlágòkè dúró tì í títí tí Kàbírù fi jáde wá bá a.

"Dádì, ẹ kúkú máa gbé e lọ. Ó ti ń dí mi lọ́nà láti oṣù tó kọjá."

Ó gbé e lé èjìká, ó sì gbé e relé. Ó gbàgbé búrẹ́dì.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, òun ló ń fi àmì han ọkọ̀ ojú irin pé kó wọlé tàbí kó dúró. Nígbà tó máa fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ojú irin ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ tuntun fún Ìléríolúwa, ọmọ wọn obìnrin, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n jọ dá. Oṣù mẹ́fà di ọdún kan. Ìléríolúwa tún lóyún, ọdún kan di mẹ́ta. Kò sí ìjà láàárín tọkọtaya náà. Ilé ló kàn ń tóbi sí i lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn, tó bá di ọ̀sán, Ọlágòkè á rántí pé òun kò tíì lanu sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, á wá wúkọ́ kó lè mọ̀ bóyá ohùn òun ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbé férémù náà sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sándípépà họ ọ́. Ọ̀dà búlúù ló wà lókè. Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọjọ́ kẹrin ló kan ọ̀dà àkọ́kọ́, pupa tó ṣókùnkùn bí obì tó ti pẹ́ nínú àwo, pẹ̀lú ìlà wúrà tín-ín-rín tí ó dájú pé ọwọ́ èèyàn ló fà á, nítorí pé ibì kan wà tí ọwọ́ onítọ̀hún ti gbọ̀n. Ọlágòkè fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ló fà á? Ní ìlú wo? Lọ́rùn férémù náà, ihò kékeré méjì ló wà níbi tí wọ́n ti kan orúkọ mọ́ ọn rí, ṣùgbọ́n orúkọ ti ṣí kúrò. Nọ́ńbà márùn-ún ló ṣẹ́ kù, lábẹ́, níbi tí irin pẹ́dàlì máa ń gbà kọjá. Ó tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù. Fóònù kó kẹ̀kẹ́ oríṣiríṣi jáde fún un, kò sì sí èyí tó jọ tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Títílọpẹ́ pè é, Ọlágòkè sì yí ojú fóònù sí ẹ̀yìnkùlé kó lè rí i.

"Kí lẹ fẹ́ fi irin ṣe, Bàbá Ìlérí?"

"Mo fẹ́ tò ó ni. Mo fẹ́ kó máa rìn."

"Orúnkún yín ńkọ́?" Ọmọ kan ké lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan wó lulẹ̀. "Yéè! Mò ń padà pè yín."

Kò padà pè lọ́jọ́ náà. Ọlágòkè jókòó ti férémù títí ẹ̀fọn fi lé e wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Rùkáyà, obìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lẹ́bàá ọjà Ìgbọ̀nà. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà, àwọn èèyàn sì ti ṣíwọ́ wíwò ó tìyanu-tìyanu nítorí híjáàbù tó máa ń wọ̀ kúnlẹ̀ nídìí táyà. Rùkáyà dojú férémù dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ yìí ti jìyà o. Ẹ wo ibí."

Ó fi hàn án. Nínú ihò irin pẹ́dàlì, ó yẹ kí ife irin kékeré méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké máa ń jókòó sí. Ti òsì ti sọnù. Ti ọ̀tún ti jẹ, ó sì ti dípẹtà mọ́ ibẹ̀. Rùkáyà ki súpánà bọ̀ ọ́, ó fà á. Kò mira. Ó gun orí súpánà náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ńṣe ló dà bíi pé ife náà ń há sí i.

Ó mú ife tuntun kan láti inú agolo rẹ̀, ó gbìyànjú láti yí i wọ ojú òsì. Ó yí bí ìgbà méjì, ó há. Ó mú òmíràn. Ó há bákan náà.

Rùkáyà nu ọwọ́ mọ́ àkísà. "Kẹ̀kẹ́ tí mo mọ̀ kọ́ rèé. Gbogbo èyí tó ń wọ ìlú yìí, irú ife kan náà ni wọ́n ń lò, látìgbà tí bàbá mi ti wà láyé. Mo lè ní kí wẹ́dà jó o pọ̀ fún yín."

"Rárá," ni Ọlágòkè wí. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Má jó o. Kò tíì tó ohun tí à ń jó pọ̀."

Obìnrin náà fi àkísà sílẹ̀. "Níbo ni wọ́n ti kó o wá?"

Ọlágòkè kò mọ̀. Ó padà lọ béèrè lọ́wọ́ Kàbírù, Kàbírù sì ní Kùtọnu ni gbogbo ẹrù òun ti ń wá, pé férémù náà wà nínú fìríìjì ńlá kan tí wọ́n dì, bóyá kí ilẹ̀kùn má bàa wó sínú. Nígbà tó mú èsì náà padà dé, Rùkáyà pàtẹ́wọ́.

"Ilẹ̀ Faransé nìyẹn! Bàbá mi máa ń dárúkọ bàbá kan ní Ìwàrà, lọ́nà Iléṣà. Bàbá Àbíjàn ni wọ́n ń pè wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá ṣì wà láyé, àwọn lẹ máa bi."

Ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Dírẹ́bà ní kó di férémù sẹ́yìn bọ́ọ̀tù, ó kọ̀, ó gbé e lé itan. Ní Iléṣà, ó gun ọ̀kadà dé Ìwàrà, férémù lọ́rùn rẹ̀ bí ẹ̀gbà, àwọn ọmọ iléèwé sì ń nàka sí i. Kò pẹ́ tó fi rí ilé náà. Gbogbo ìlú ló mọ Bàbá Àbíjàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó júwe ilé fún un ní, "Ẹ máa bá a nílé. Kò síbi tó ń lọ."

Oyèbọ̀dé ni orúkọ bàbá náà. Yóò ti kọjá ọgọ́rin ọdún díẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga onípákó, tó ń bó iṣu sísun. Ọlágòkè dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì gbé férémù síwájú rẹ̀. Bàbá náà kò wo ọ̀dà, kò wo ihò orúkọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Inú ihò irin pẹ́dàlì nìkan ló ki ìka bọ̀, ó fi èékánná rìn yí i ká. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Òṣogbo ni, Bàbá. Wọ́n ní Kùtọnu ló gbà wọlé."

Bàbá Oyèbọ̀dé dìde, ó wọ yàrá. Ìró nǹkan wúwo tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ni Ọlágòkè gbọ́, ó sì sáré wọlé lọ ràn án lọ́wọ́. Àpótí onígi ni. Wọ́n jọ gbé e síta. Inú rẹ̀ kún fún irin tí wọ́n fi gíríìsì pa, tí wọ́n sì fi àkísà wé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni wé ọmọ: ife, bọ́ọ̀lù, irin pẹ́dàlì, ṣéènì. Bàbá náà tú ìdì kan, ó mú ife kan jáde, ó gbé e sí ojú òsì férémù. Kò fi súpánà kàn án. Ìka méjì ló fi yí i. Ife náà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wọlé títí ó fi jókòó.

Ọlágòkè fi ìka kàn án.

"Faransé ni," ni bàbá náà wí. "Orúkọ ẹni tó ṣe é, mi ò lè mọ̀ ọ́n fún ọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń to kẹ̀kẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí èèrùn. Ṣùgbọ́n Faransé ni. Ojú ìdè tiwọn, ìyẹn ìlà inú ihò tí ife ń yí tẹ̀lé, kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu."

Ó da epo òyìnbó sára ife ọ̀tún tó dípẹtà, ó ní kí wọ́n fún un láyè díẹ̀. Iṣu ni wọ́n jọ jẹ pẹ̀lú epo pupa bí wọ́n ṣe ń dúró. Ọlágòkè kò rántí ìgbà tí òun ti jẹun tó gbọ́ ìró ẹnu ẹlòmíràn mọ́.

"Nígbà tí ogun dé ní Àbíjàn," ni bàbá náà ń sọ, "àwọn ẹlòmíràn kó aṣọ, àwọn mìíràn kó owó. Àpótí yìí lèmi gbé. Mo ní ulé ni mò ń bọ̀, iṣẹ́ ò ní wọ́n mi." Ọgbọ̀n ọdún nílẹ̀ àjèjì kò sọ "ulé" di "ilé" lẹ́nu rẹ̀. "Mo dé ulé, gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọdún mẹ́rìnlá rèé. Kò sí ẹyọ kan nínú irin àpótí yìí tó wọ ara kẹ̀kẹ́ kankan."

"Ẹ sì ń fi gíríìsì pa wọ́n."

"Lọ́dọọdún. Bí n ò bá pa á, á dípẹtà."

Ọlágòkè bi í nípa àwọn ará ilé rẹ̀. Bàbá náà ní ìyá àwọn ọmọ òun dúró sí Àbíjàn, nítorí ọmọ ibẹ̀ ni; obìnrin náà ní ta lòun mọ̀ ní Ìwàrà. Nọ́ńbà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ òun kò lọ mọ́.

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kérésìmesì tó ń bọ̀ yìí ló ń bọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí, ó sì wolẹ̀.

Nígbà tó padà síbi férémù, ó ki súpánà bọ ife ọ̀tún, ó sì fà á sí apá òdìkejì sí ibi tí Rùkáyà fà á sí. Ó ké kín-ín, ó tú.

"Ẹni tó ń bá a fà á kò mọ̀ pé ńṣe lòun ń dè é," ló wí. "Ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún rẹ̀ máa ń tú sódì. Tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èdè rẹ̀ ni wọn ò gbọ́."

Ó mú ife mìíràn fún ọ̀tún láti inú àpótí, ó di méjèèjì mọ́ ọn, ó to bọ́ọ̀lù sí i, ó ti irin pẹ́dàlì bọ̀ ọ́, ó sì fi ọwọ́ yí i. Ó ń yí láìsí ìró. Bàbá náà jẹ́ kó yí, nígbà tó dúró, ó tún un yí. Ọlágòkè yí ojú sí ọ̀nà oko, bíi pé nǹkan kan ń kọjá níbẹ̀.

Ìyókù kò le mọ́. Bàbá Oyèbọ̀dé ti sọ fún un pé kó má wá táyà Faransé lọ, pé kò ní rí i. Kó ra ríìmù Gẹ̀ẹ́sì oní-íǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kó kàn gbé rọ́bà bíréèkì sókè díẹ̀. Rùkáyà ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́ sí i. Òpó ìjókòó ló mì tìtì nínú ihò rẹ̀, nítorí pé ó tín-ín-rín ju ihò lọ. Rùkáyà gé agolo mílíìkì, ó fi wé e lẹ́ẹ̀kan, ó tì í bọlé. Ó há gírígírí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí Ọlágòkè tún ọ̀rọ̀ ojú ìdè Faransé sọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà délé. Ọlágòkè gbé e sí pálọ̀, ó sì dúró de ìpè. Nígbà tí Títílọpẹ́ pè, ó yí ojú fóònù sí i.

"Ó mà rẹwà o!" ni Títílọpẹ́ wí. "Ẹ̀yin lẹ tò ó?" Lẹ́yìn náà ló gbójú kúrò lójú fóònù. Ó wá ní, "Bàbá Ìlérí, mi ò ní lè wá ní Kérésìmesì. Wọ́n ti yí àsìkò iṣẹ́ Ìlérí padà. Kò sẹ́ni tó máa tọ́jú àwọn ọmọ."

"Ó dáa."

"Ẹ má bínú."

"Inú kò bí mi, Títí."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó wà níkùn rẹ̀ kì í ṣe ìbínú.

"Ibí náà, kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ o," ni Títílọpẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àwọn ọmọ yìí ò gbọ́ Yorùbá. Tí mo bá sọ ọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí. Nígbà mìíràn, mo máa ń dúró sí ilé ìdáná kí n máa bá ìkòkò sọ ọ́."

Ọlágòkè kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, òun nìkan ló rò pé ilé ti tóbi fún. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa á.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó gun kẹ̀kẹ́ náà jáde. Àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè mọ́ ọn ní Òkè-Fìà, ṣùgbọ́n nígbà tó bọ́ sí ọ̀nà Ìbòkun, ojú pópó dá. Orúnkún rẹ̀ ń ro ó. Kẹ̀kẹ́ náà kò pariwo. Ó gun òkè kan, ó rọ̀ sísàlẹ̀ òmíràn, afẹ́fẹ́ kún inú ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ kò tó mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ahéré kan, níbi tí obìnrin kan ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá," ni obìnrin náà wí, ó sì bu omi fún un. "Níbo lẹ ń lọ ní kùtù báyìí?"

Ọlágòkè mu omi náà tán kó tó dáhùn. "Kò síbì kan. Mo kàn ní kí n gùn ún ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan."

Obìnrin náà mi orí, ó ti àpótí kan sí i pé kó jókòó, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Ọlágòkè jókòó. Ó mú ẹ̀gẹ́ kan àti ọ̀bẹ tó wà nílẹ̀, ó bá a bó o.