Igi Ewúro Bá Mi Dé Ọsibítù

Làmídì, má rẹ́rìn-ín o, má sì sọ fún ìyàwó mi. Mo lálàá pé mo ń lọ sí ọsibítù nítorí ìtọ̀ ṣúgà mi, ni igi ewúro ẹ̀yìnkùlé wa bá tẹ̀lé mi. Ó wé gèlè ìyàwó mi, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, àwọn èèyàn sì ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ tún ń mu mọ́ oògùn yín?"

Mo ní, "Omi ewúro nìkan ni."

Igi náà ní, "Èmi nìkan kẹ̀? Ṣúgà tó o máa ń dà sí ìsàlẹ̀ ife kí ìyàwó rẹ tó bu omi mi lé e ńkọ́?"

Mo ní irọ́ ni. Ni eèrà bá ń tò jáde nínú àpò mi, wọ́n ru ṣúgà lórí, wọ́n ń kí nọ́ọ̀sì kú iṣẹ́. Igi náà fà mí létí, mo kígbe, mo jí.

Ìyàwó mi ló dúró tì mí, ife ewúro wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ kì í fajú ro mọ́ tẹ́ ẹ bá ń mu ún. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."