Ìlà Funfun Lókè Ojú Ẹyẹ

Ọkọ ìyá aránṣọ ló máa ń ya àwọn ẹyẹ inú ìwé àwọn ọmọléèwé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àfi ìyàwó rẹ̀. Bàbá ò sọ, ìyá náà ò bi í. Iṣẹ́ yìí ló ń mú un jí pẹ̀lú ẹ̀rín láàárọ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Nítorí náà, bí bàbá bá ti lọ sinmi, ìyá á yọ́ jókòó sídìí tábìlì, á parí ohun tí ọkọ rẹ̀ ò rí.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló wá le jù. Ẹyẹ méjì ni, wọ́n jọra bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: kékeré bíńtín, ìrù gbọọrọ, àwọn méjèèjì ló sì mọ orin í kọ. Ọ̀kan ní àwọ̀ eérú lẹ́yìn. Èkejì pọ́n rúsúrúsú, òun nìkan ló ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ojú. Bí ìyá ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì báyìí, bàbá wúkọ́ nínú yàrá, àyà ìyá já, ló bá fa ìlà náà fún ẹyẹ eléérú. Kò tiẹ̀ fura.

Olóòtú ìwé náà, ọmọbìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, dé lọ́sàn-án.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹyẹ eléérú kì í ní ìlà lójú. Ta ló fa èyí?"

Kí ìyá tó sọ̀rọ̀, bàbá ti dáhùn.

"Èmi ni. Mi ò ríran dáadáa mọ́, ó ti pẹ́."

Olóòtú wo bàbá, ó wo ọ̀dà funfun tó wà léèékánná ìyá.

"Ẹ tún un ṣe, sà. Màá padà wá lọ́la." Ó sì jáde.

Ìyá bú sẹ́kún. "Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín!"

"Kí n wá jẹ́ kó bá ẹ wí? Ìwọ tó o ti ń ràn mí lọ́wọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ mọ̀?"

"Ojú ló ń dà mí láàmú, ìyá wọn, orí mi pé. Ẹyẹ tí mi ò ya ẹyinjú fún, tí wọ́n wá ń yìn mí nítorí ẹyinjú rẹ̀!"

Ẹ̀rín pa ìyá nínú ẹkún. Bàbá fọwọ́ wá búrọ́ọ̀ṣì lórí tábìlì, ó nà án sí i.

"Má yọ́ ọ ṣe mọ́. Jókòó tì mí, kó o máa sọ ibi tó o bá dé fún mi."