Àtàǹpàkò Káfíńtà

"Bàbá, kí lẹ sọ pé ẹ dà sójú egbò yìí?" Dókítà obìnrin náà tún béèrè.

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tí kò bá a wá.

"Kápúsù ni. Mo tú u, mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbàkigbà tí ayùn bá gé mi."

"Ẹ tún máa ń gbé e mì?"

"Ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Tó bá ti san, ó ti san nìyẹn."

"Dókítà, mo sọ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó," ìyàwó rẹ̀ ní.

Àtàǹpàkò ọ̀tún ọkùnrin náà ti wú, ó ń dán. Bí oògùn kò bá ràn án, wọn yóò gé e. Kí ni káfíńtà yóò wá fi di òòlù mú? Ẹ̀rù bà á gidigidi.

"A ti yẹ ọyún egbò yín wò," dókítà ní. "Kòkòrò inú rẹ̀ ń bímọ kíákíá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan á ṣèèṣì yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀, oògùn ò ní ràn án mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ń lo oògùn, àwọn yòókù á kú, olóríkunkun yẹn á gba gbogbo ilé, á máa bí irú ara rẹ̀."

"Àṣé èmi ni mo ń gbálẹ̀ dè é!"

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin méjèèjì.

"Oògùn kan ṣoṣo ló ṣì ń pa á. Abẹ́rẹ́ ni. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á pé."

Ó gbà á pé. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sìn ín lọ bí ọlọ́pàá. Wíwú náà fà, ojú egbò jiná. Láàárọ̀ tó padà sídìí iṣẹ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé láìmọ̀.

Ibẹ̀ ni wẹ́dà tó ń jó irin ní ìsọ̀ kejì ti bá a, tó fi àkísà wé ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, irin gé mi. Ẹ fún mi ní kápúsù kan kí n dà sí i, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi."

Ojú ti káfíńtà. Ó gbé òòlù kalẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀.

"Ilé ìwòsàn là ń lọ, àbúrò."

"Ilẹ̀kùn tí oníbàárà yín ń bọ̀ wá gbà ńkọ́?"

"Á bínú, á sì gbàgbé. Ọwọ́ tí wọ́n bá gé kì í hù. Ó yá, bọ́ síwájú."