Ìgò Fítámìn Àlájà Daulat

"Kí lo fún màmá mi jẹ láàárọ̀ yìí?"

Inshirah ló ń béèrè, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó síta. Awatif, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń fi etí ìborí rẹ̀ nu òógùn lójú ìyá ọkọ rẹ̀, Àlájà Daulat, tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì yàrá àyẹ̀wò, tí okùn ẹ̀rọ sì lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ káàkiri. Ìdí ẹ̀wà àárọ̀ ni ìyá náà ti dákú. Ó ti lajú báyìí, ó sì ti ń rí ẹni bú.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lójú mi. Ó ń rùn fún àlùbọ́sà."

Awatif gbé ọwọ́ kúrò. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ìyá yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń rùn fún àlùbọ́sà, òun náà ló sì ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ.

Dókítà Gamil gbé ìwé gígùn tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde sókè, ó sì fajú ro. "Bí ọkàn yìí bá lù tán, ó ń pẹ́ jù kó tó lè múra láti tún lù. Oògùn tí mo fún wọn lóṣù tó kọjá, kí ọkàn wọn má bàa máa sáré ségesège, lè fa irú èyí díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe tó báyìí. Nǹkan mìíràn ń dá kún un. Kí ni wọ́n tún ń lò?"

"Fítámìn ẹ̀jẹ̀," ni Rifat, ọkọ Awatif, dáhùn. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ló ti sáré wá, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Fítámìn nìkan?"

"Òun nìkan ni, Dókítà."

Irọ́ gbuu ni. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni wọ́n yọ kókó kan lọ́yàn Àlájà. Wọ́n sọ fún un pé ọ̀rá tó dì ni. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, jẹjẹrẹ ni. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ yẹn. "Burúkú yẹn" ni wọ́n ń pè é. Òun ló pa àbúrò Àlájà, láti ìgbà náà, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lásán, Àlájà á fa ọrùn aṣọ rẹ̀ síwájú, á tutọ́ fẹ́rẹ́ sí àyà, kí àìsàn náà má bàa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ kó sì wá. Rifat àti Inshirah wá fẹnu kò pé ìyá àwọn ò gbọdọ̀ mọ̀, pé ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ pa á. Rifat tú oògùn jẹjẹrẹ náà kúrò nínú páálí rẹ̀, ó dà á sínú ìgò fítámìn, ó sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀ pé kó máa fún Àlájà pẹ̀lú tíì àràárọ̀. Nígbà tí ọkàn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ségesège, tí wọ́n gbé e wá bá Dókítà Gamil, wọn ò sọ fún òun náà.

Rifat sì ti búra. Ọkùnrin yìí a máa fi ìkọ̀sílẹ̀ búra bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bí àlejò kò bá mu tíì rẹ̀, á ní òun kọ ìyàwó òun. Bí pákó bá gbówó lórí, òun kọ ìyàwó òun. Gbogbo ìlú Dumyat ló ń fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó pe orúkọ: "Awatif ọmọ Shukri, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ẹnu rẹ jáde sétí ìyá mi, mo kọ̀ ọ́, mo kọ̀ ọ́, mo kọ̀ ọ́." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Dókítà ju bírò sórí tábìlì. "Mi ò lè máa wò wọ́n nínú òkùnkùn. Bí ọkàn yìí bá tún dúró bó ṣe dúró láàárọ̀, ó lè má padà mọ́."

"Bàbá Yusra," ni Awatif wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ jẹ́ ká bá dókítà sọ̀rọ̀ níta."

"Níta ṣe kí ni? Panu mọ́."

"Ó fẹ́ kí màmá mi kú ni," ni Inshirah wí. "Ojú rẹ̀ ti wà lára yàrá ìsàlẹ̀ tí Màmá ń sùn tipẹ́."

Awatif mú ìgò náà nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí dókítà. Ẹnu ni ọkọ rẹ̀ fi òfin dè, kò de ọwọ́. Dókítà da hóró méjì sí àtẹ́lẹwọ́.

"Èyí kì í ṣe fítámìn. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà ni," ni Rifat wí, ojú rẹ̀ sì wà lára ìyàwó rẹ̀ bí ìṣó.

Inú wá bí Awatif dé góńgó. Ọkùnrin tó tọ́ kó máa sunkún ń ṣọ́ ẹnu òun. Ó fẹ́ sin ìyá rẹ̀ kí irọ́ rẹ̀ má bàa tú.

"Oògùn jẹjẹrẹ ni, Dókítà. Jẹjẹrẹ ọyàn."

Dókítà rọra da àwọn hóró náà padà sínú ìgò. "Oògùn yìí àti tèmi kò gbọdọ̀ pàdé nínú ara kan. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi ọkàn ṣe. Ẹ má fún wọn ní ìkankan mọ́, àfi tí mo bá bá dókítà tó kọ èyí sọ̀rọ̀. Ọsibítù ni wọ́n máa sùn lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ." Ó jáde lọ pe ọkọ̀ aláìsàn.

"O rántí ohun tí mo búra," ni Rifat wí.

"Mo rántí."

"Ó ti ṣẹ nìyẹn. Lọ kó ẹrù rẹ."

"Màmá, ẹ má dá obìnrin yìí lóhùn," ni Inshirah wí tẹkúntẹkún, "orí rẹ̀ ti dàrú."

"Ẹ dákẹ́." Ohùn Àlájà ò jáde dáadáa, síbẹ̀ wọ́n dákẹ́. "Rifat, ilé ta ni ẹrù náà wà?"

"Ilé wa, Màmá."

"Mo ní ilé ta?"

Rifat wolẹ̀. "Ilé yín."

"Wúrà ọrùn mi ni mo tà fi kọ́ ilé náà. Ìwọ lo kọ ìyàwó, ìwọ ni kó o lọ kó ẹrù. Ṣebí bẹ́ẹ̀dì lò ń kàn? Lọ sùn sórí ọ̀kan. Inshirah, ilé ọkọ rẹ ń dúró dè ọ́."

Ìyá ò wo ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì mọ́ títí wọ́n fi jáde.

"Màmá, ẹ ṣeun," ni Awatif wí.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àràárọ̀ lo fi irọ́ po tíì fún mi. Mi ò tíì dárí jì ọ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó wà lára mi."

"Jẹjẹrẹ ni, Màmá."

Ọwọ́ Àlájà gun ọrùn aṣọ rẹ̀ lọ, ó dì í mú. Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ aṣọ náà dọ́gba lórí okùn ẹ̀rọ.

"Wá nu ojú mi," ló wí. "Kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ rẹ ná."