Ìkòkò Ẹ̀fọ́ Dábírà

Ẹ̀fọ́ tí Olúwadábírà ń sè fún ọkọ rẹ̀ ló ń pa á lọ, ọkọ náà sì mọ̀. Ìyàwó nìkan ni kò mọ̀. Ẹ má sọ pé wọn ò kàwé, àwọn méjèèjì kàwé, orí wọn sì pé.

Clement Akínọ̀ṣọ́ lorúkọ ọkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lẹ́kkí Free Zone, ilé wọn wà ní Igbó Ẹfọ̀n, orí ìjókòó mọ́tò ló sì ti ń lo ayé rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀ òsì. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì ní kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó máa lọ, Nọ́ọ̀sì Mọ̀nsúrát pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀gá Clement, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o. Ewé tútù wọ̀nyí, ùgú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ rárá. Kì í jẹ́ kí oògùn yìí ṣiṣẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá tún lọ dì, tó bá gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró yín, emergency nìyẹn. Ẹ sọ fún madam."

Clement ní òun á sọ.

Ìgbà tó fi máa délé, Dábírà ti dé láti ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ ní Ajah. Wòlíì ti ríran sí ọkọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tó lẹ́jẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ẹran lọ, adìyẹ lọ, ẹja tẹ̀ lé wọn. Edé nìkan ló ṣẹ́kù. Dábírà ní Wòlíì ò dárúkọ edé, òun náà ò sì bèèrè. Ẹni tí kò bá jẹ ẹran, kí ni yóò wá fún un lẹ́jẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé ùgú ni lágbègbè wa yìí? Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ùgú. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, ùgú. Dábírà a fún omi rẹ̀, a da mílíìkì sí i, a gbé e fún ọkọ rẹ̀ kó tó jẹun. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ gan-an yóò wá dé: ẹ̀fọ́ rírò tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, ẹ̀gúsí tí ṣọkọ bò mọ́lẹ̀, tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú olú àti wàrà. Ọwọ́ obìnrin náà dùn, ká má purọ́.

Kí ló dé tí Clement ò sọ̀rọ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ara wọn. Tí iṣẹ́ bá ti parí, wọn á gbé àwo oúnjẹ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn á wo fíìmù kan, wọn á máa bá àwọn tó wà nínú rẹ̀ jà. Dábírà a máa wò ó bó ṣe ń jẹun, a ní, "Ìkòkò mi ni Ọlọ́run fi gbà ẹ́." Clement ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ẹni. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ò lè pa èèyàn. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, òmùgọ̀ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nígbà tí àkókò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ní ọsibítù, ẹ̀rù bà á pé Nọ́ọ̀sì Mọ̀nsúrát yóò mọ ohun tó ń jẹ. Dípò ọsibítù, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ajah, ó ra àgbàdo àti àgbọn, ó jókòó jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó padà sílé.

"Kí ni wọ́n sọ?" Dábírà bi í.

"Wọ́n ní everything dey okay."

"Mo sọ fún ẹ. Mo máa jẹ́rìí ní church on Sunday." Ó kọrin wọ kíṣìnì. Ùgú tó fún lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí sòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í há Clement lẹ́sẹ̀ òsì. Ó bọ́ sínú jalábíà, ó ní ooru ló ń mú òun. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn, a dúró lágbedeméjì, a yọ fóònù bí ẹni tí wọ́n pè. Kò sí ẹni tó pè é. Èémí ló ń wá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, fíìmù tí wọ́n ń wò jẹ́ ti ìdílé kan tó háyà ilé tí omi kànga rẹ̀ kò dára. Ọ̀dọ́kùnrin kan mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wá ojúure wọn, ó sì ń wò wọ́n níran bí wọ́n ṣe ń mu ún. Dábírà pòṣé.

"Sọ fún wọn nau. Àbí ẹnu ẹ dà? Mi ò lè wo irú rádaràda báyìí."

"Bóyá ojú ń tì í," Clement sọ.

"Ojú ń tì í, káwọn èèyàn wá máa kú?"

"Bóyá ó fẹ́ràn wọn ni."

Dábírà yí ojú sí i. "Clem, ṣé kò sí o? Ò ń mí gúlegúle."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè Clement. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ojú obìnrin náà mọ́lẹ̀, ó ń retí, àbàwọ́n ẹ̀fọ́ wà ní èékánná rẹ̀.

"Obẹ̀ yìí dùn," Clement sọ.

"Jẹ́ n bù sí i fún ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, Dábírà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tíì bọ́ sùtánà tó fi wọ kíṣìnì. Clement wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá fíìmù tí wọ́n máa wò. Àyà rẹ̀ ṣàdédé dùn ún bí ìgbà tí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ó fẹ́ mí, èémí ò wọlé. Rìmóòtù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo rẹ̀ ló gbé Dábírà jáde.

Ètè ọkọ rẹ̀ ti ń dúdú. Ó sáré lọ gbá ilẹ̀kùn aládùúgbò wọn. "Ẹ̀gbọ́n Hakeem, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mọ́tò yín jáde, Clement ni."

Hakeem sáré sọ̀kalẹ̀. Mọ́tò mìíràn dínà mọ́ tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Òkè ni Dábírà wà, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú ọkọ rẹ̀, ojú náà tutù.

"Ẹ̀jẹ̀ ló tán lára ẹ," ó ń wí. "Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ń bọ̀."

Ó ti fún omi ùgú ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ nínú fíríìjì. Ó gbé e dé, ó kún dé ẹnu ife, ó ń dà sára sùtánà rẹ̀. Clement rí i. Ìtìjú ti kúrò lójú rẹ̀ nígbà náà, ó fẹ́ wà láàyè, ó sì fẹ́ kí obìnrin yìí mọ̀. Ó kó gbogbo èémí tó ṣẹ́kù sí i lára jọ, ó la ẹnu láti sọ ọ́.

Dábírà rí i tó la ẹnu. Ó ní, "O ṣé, Jésù." Ó fi ọwọ́ kan gbé orí rẹ̀ sókè, ó sì da omi ùgú náà sí i lẹ́nu.