Orúnkún Lórí Sìmẹ́ńtì

"Mo ní kí o gbé ọwọ́ sókè dáadáa," ni Ìyábọ̀dé wí.

Ọmọbìnrin náà tún gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Anjali ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Orí sìmẹ́ńtì ni ó kúnlẹ̀ sí, nínú yàrá abẹ́ ilé kan ní Queens Village, níbi tí àwọn ọmọ mẹ́jọ ti ń kọ́ ìwé mímọ́ àwọn Híńdù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rín ló rín nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Àwọn méje yòókù ń wò ó. New York ni wọ́n bí wọn sí. Wọn ò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyábọ̀dé kì í ṣe olùkọ́ wọn. Màmá Kamla tó ni ilé ló ń kọ́ wọn, ará Guyana, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oògùn màmá ni iṣẹ́ Ìyábọ̀dé, ó sì di ọdún kẹta tó ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta kó tó sọdá sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tíṣà kì í sì í tán lára bọ̀rọ̀. Màmá ní kó dúró ti àwọn ọmọ kí òun lo oògùn tán lókè. Bí ọ̀kan ṣe rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó rò ó: "Jáde síbí. Kúnlẹ̀."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wò ó ni. Ìyábọ̀dé mọ ojú yẹn. Ó ti ń rí i láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nínú dígí bọ́ọ̀sì, nínú omi tó bá bù sí abọ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Èmi kọ́ ni mo súfèé, mà." Ohun tí Morufat, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wí nìyẹn lọ́jọ́ náà.

Àtẹ̀gùn pákó dún. Màmá Kamla ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Anjali, kí lo sọ nù tí ò ń wá nílẹ̀?"

"Àǹtí ló ní kí n kúnlẹ̀, Náánì." Náánì ni wọ́n ń pe ìyá àgbà.

"Dìde, lọ jókòó."

Màmá kò wo Ìyábọ̀dé. Ó ṣí ìwé tó wà lórí àpótí kékeré, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìwé náà kan ilẹ̀. "Nígbà tí Olúwa Krishna ń ka ohun tó ń jẹ́ ìmọ̀, kí ló kọ́kọ́ kà?"

"Ìrẹ̀lẹ̀," ni wọ́n jùmọ̀ wí.

"Ta ló wà fún?"

"Àwa ọmọdé," ni ọ̀kan dáhùn.

"Ìwọ tó kúrú báyìí? Níbo lo tún fẹ́ rẹ ara rẹ sílẹ̀ dé? Ẹni tó bá ga ló níbi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Màmá wá yíjú. "Ìyábọ̀dé, ọjọ́ kẹsàn-án ọdún abo-òrìṣà tí à ń pè ní Ìyá wa nìyí. A máa ń fọ ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin, ká tó fún un lóúnjẹ. Orúnkún mi ti kọ̀. Wá bá mi fọ ti Anjali."

"Màmá, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí."

"Mi ò ní kí o bọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni mo ní kí o fọ̀. Àbí Jésù yín ò fọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni?"

"Níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹ má bínú, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé."

"Ta wá ni ó máa ń kúnlẹ̀ níbẹ̀?"

Ìyábọ̀dé bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Anjali.

Sìmẹ́ńtì náà le. Ó le ju bó ṣe rò lọ. Láti ìgbà tí wọ́n to ìlà àárọ̀ títí di àkókò ìsinmi ni Morufat fi kúnlẹ̀ nínú oòrùn, lórí irú ilẹ̀ yìí. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, Ìyábọ̀dé tíṣà rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ wá nírọ̀lẹ́, ó ní, "Tíṣà, ara ọmọ mi gbóná. Ṣé nǹkan ṣe é níbí lónìí?" Ìyábọ̀dé ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ká ní ó sọ òótọ́, bóyá wọn ì bá tètè gbé e dé ọsibítù. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n sin ín.

"Morufat," ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ni Morufat?" ni Anjali bi í.

"Ọmọ kan tí mo ní kó kúnlẹ̀ nígbà kan."

"Kí ló ṣe?"

Omi ń kán látọwọ́ rẹ̀. "Kò ṣe nǹkan kan."

Anjali ronú díẹ̀, ó wá tẹ orí bá etí Ìyábọ̀dé. "Mi ò ní sọ fún Mọ́mì mi, Àǹtí."

Ara tu Ìyábọ̀dé lójijì, ìtura náà sì dẹ́rù bà á. Ó mọ̀ pé bí ìyá ọmọ náà bá gbọ́, ìpè kan ṣoṣo sí àwọn tó gbà á síṣẹ́ ti tó. Iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán, ìyá Anjali dé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé Anjali mi ṣe dáadáa lónìí?"

Màmá Kamla ń pa ìwé dé. Anjali ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí iná kò dé, Ìyábọ̀dé rí Morufat nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì wà lókè.

"Ó ṣe dáadáa," ni Ìyábọ̀dé wí. "Èmi ni mi ò ṣe dáadáa. Ẹ jókòó, mà, kí n sọ ohun tí mo fojú ọmọ yín rí."

Ó fa àga fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó. Morufat kò tíì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́.