Òtílì Kì í Bẹ Ẹnikẹ́ni fún Omi

Ọkọ mi kò lè rí ewéko kó má bu omi sí i. Etí odò ló dàgbà sí, iṣẹ́ ẹ̀fọ́ ló ti ń ṣe láti kékeré, Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí di òní. Nígbà tí odò náà gbẹ, tí kò ku nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi òkúta, a kó lọ sórí ilẹ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ilẹ̀ amọ̀ ni, ó le bí ògiri, òjò kì í sì pẹ́ níbẹ̀. Òtílì, ẹ̀wà tó ń di igi, nìkan ló máa ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀.

Kí a tó gbin ẹyọ kan ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, aránṣọ tó ń gbé nílùú ńlá, ti wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí nínú yàrá wa, ó wo àpò àgbàdo tó ti ṣófo, ó wo ọmọ wa.

"Ìyàwó mi, ẹ gbin òtílì yín. Tó bá so, kí ọmọ dúró tì yín. Tí ò bá so, ẹ jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Á máa bá mi tú òwú, á sì máa jẹun yó."

"Ẹ ṣeun, àǹtí," ni mo wí. Kí ni ǹ bá tún wí? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ, inú sì bí mi pé òótọ́ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo yẹn náà la ní. Oníbéèrè la sọ ọ́, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí ló dé tí èèrà kì í sùn? Ta ló kọ́kọ́ pe iyọ̀ ní iyọ̀? Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìyókù pamọ́ di ọ̀la.

Òjò rọ̀, a gbin òtílì. Òtílì a máa ṣe bí ọ̀lẹ níbẹ̀rẹ̀. Àgbàdo àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa ti ń ga, tiwa ṣì wà nílẹ̀, ọkọ mi sì ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn.

"Kò gbádùn. Jẹ́ kí n bu omi díẹ̀ sí i."

"Kì í ṣe ẹ̀fọ́, Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Gbòǹgbò ló ń ta. Òtílì ló ń gbẹ́ kànga ara rẹ̀, ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń yún ẹ, lọ bomi rin ògiri."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀. Òjò dá. Àgbàdo àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa ká kò, ó gbẹ. Tiwa ga ju orí ènìyàn lọ, ó yọ òdòdó pupa rúsúrúsú, oyin bò ó. Mo dúró láàárín poro, mo ń rẹ́rìn-ín bí asínwín. Ọmọ mi kò ní lọ mọ́.

Àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe wú. Ẹ̀gún gún mi, ó kẹ̀, n kò lè rìn dé oko. Ọkọ mi nìkan ló ń lọ. Ó bá òdòdó nílẹ̀, ẹ̀rù bà á. Bẹ́ẹ̀ rèé, òdòdó tí òtílì ń gbọ̀n dànù pọ̀ ju èyí tó ń fi so lọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í kọbi ara sí i. Kò sọ fún mi. Ó gbẹ́ kòtò yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká, bí wọ́n ti ń ṣe fún tòmátì, ó sì ń fi ọmọlanke ti omi láti ẹnu ẹ̀rọ lọ sóko, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí wá dà lé e lórí. Amọ̀ kò mu ún. Kòtò kún, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fi ọ̀pá rìn dé ibẹ̀, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ewé ti pọ́n, ó ti sorí kọ́. Èèpo èso kéékèèké wà lórí wọn, pẹlẹbẹ, kò sí hóró nínú. Mo fa igi kan, ó tẹ̀lé ọwọ́ mi wẹ́rẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó ń rùn.

"Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," ni ọkọ mi wí. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ wa lọ."

Mo ti la ẹnu láti bú u. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọmọlanke ti bó o. Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ ló fi pa òtílì náà ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Àǹtí dé. Mo gé igi òtílì, mo fi dá iná, mo fi se oúnjẹ tí ọmọ mi máa jẹ kó tó lọ.

"Igi yìí mà ń jó dáadáa o," ni àǹtí wí. Kò ní ibi kankan lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo ti ní èsì lẹ́nu. Tí ọmọ mi bá bi mí pé ìgbà wo ni òun máa padà wálé, màá ní nígbà tí òtílì mìíràn bá yọ òdòdó. Irọ́ ni, kò sí hóró kan tó kù tí a lè gbìn. Oníbéèrè gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wo oko, ó wo bàbá rẹ̀ tó kẹ́yìn sí wa, ó wá wo mí lójú. Mo dúró, mo ń retí.

Kò bi mí ní nǹkan kan.